Ìbòmú wà lẹ́nu ọmọ, wíńdò wà ní títì pa: kí ni kí n ṣe sí kíláàsì mi?

Ìyá Ìbejì Agége
9 oṣù kejì, 2021

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òbí ọmọ pọ̀ níbí, òun ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ Kòrónà àti kíláàsì mi yìí wá.

Ilé-ìwé aládàáni kan lápá Agége ni mo ti ń kọ́ Púráímárì Kẹrin. Ọmọ 34 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ẹsẹ̀ wọn yàrá wa: ìṣísẹ̀ 9 ní gígùn, 7 ní ìbú. Wíńdò méjì ló ní, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni méjèèjì wà, irú onígíláàsì tí wọ́n máa ń wọ́ sápá kan yẹn, tí kì í ṣí ju ìdajì lọ. Ilẹ̀kùn wà ní òdìkejì wọn. Láti ọjọ́ 18 oṣù kìíní tí a ti wọlé, wíńdò méjèèjì ò tíì ṣí rí. Wọ́n ní ọyẹ́ ń gbé eruku wọlé. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, èéfín rẹ̀ á bá wa nínú ilé. Wọ́n sì ní éèsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síbẹ̀ ò ní mú yàrá tutù bí wíńdò bá ṣí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó éèsì wà nínú owó ilé-ìwé tí àwọn òbí san.

Ní ti ìbòmú, kò sí eré níbẹ̀. Láti géètì ni bàbá tó ń ṣọ́nà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á na ìbọn tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara sí iwájú orí ọmọ, á ta sànìtáísà sí i lọ́wọ́. Ọmọ tí kò bá ní ìbòmú, ₦200 ni yóò fi ra ọ̀kan lọ́wọ́ wọn kó tó wọlé. Òbí tí kò bá ní ₦200 lọ́wọ́ á mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Mo ti rí ìyá kan tó jókòó sí etí gọ́tà níwájú géètì wa, tó ń tú báàgì rẹ̀ wá owó, tí ọmọ dúró tì í, tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Tó bá di aago mẹ́wàá ààbọ̀, a ó jẹun. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ kíláàsì kan pàdé ti òmíràn, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má dé pápá, nítorí náà inú yàrá yìí kan náà ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Gbogbo ìbòmú á bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹnu 34 á máa jẹ ráìsì, á máa pariwo, á máa rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú 40. Lẹ́yìn náà a ó gbé ìbòmú sókè padà, inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ti mí síta yẹn la ó sì jókòó sí títí di aago méjì.

Ọmọ kan wà tó máa ń jẹ etí ìbòmú rẹ̀. Kó tó di aago méjìlá, aṣọ náà á ti rin gbingbin, kò ní lè mí dáadáa mọ́, á wá fà á sí abẹ́ imú. Àwọn méjì kan ń pààrọ̀ tiwọn nítorí àwòrán kìnnìún tó wà lára ọ̀kan. Mo bá wọn wí, mo bá wọn wí, ó sú mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n.

Mo lọ bá ìyá tó ni ilé-ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìbòmú ni ìjọba ní ká lò. Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu òfin rẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù tó kọjá, ẹni tó bá rú u lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ta ló máa wá bi mí léèrè wíńdò?" N ò lè bínú sí wọn tán. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ilé-ìwé fi wà ní títì lọ́dún tó kọjá, tí kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé, gbèsè éèsì yẹn náà ṣì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé, mo máa ń rẹ aṣọ ara mi sínú omi ọṣẹ kí n tó lọ kí wọn, mi ò sì mọ̀ bóyá aṣọ ló yẹ kí n máa bẹ̀rù.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé ìbòmú nìkan tó nínú irú yàrá yìí? Bó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà kí n yí padà, èwo ni kó jẹ́? Báwo ni mo sì ṣe lè ṣí wíńdò tí eruku àti èéfín ò ní pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ lára?


Bàbá Fèyí
9 oṣù kejì, 2021

Tíṣà, ẹ kú ìnira. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọbìnrin mi ní ikọ́ fée. Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, òru la gbé e dé ọsibítù, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Títì tí kò lọ́dà ni wíńdò kíláàsì wọn kọjú sí, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ló ń da eruku lé wọn lórí. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí wíńdò fún ọmọ mi nínú oṣù yìí. Ẹ jẹ́ kó máa lo ìbòmú rẹ̀. Kòrónà burú, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí èémí fà, eruku ló máa kọ́kọ́ pa á.


Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
10 oṣù kejì, 2021

Bàbá Fèyí, mo gbọ́ yín, mo ń bọ̀ lórí tiyín.

Ìyá Ìbejì, nígbà tí àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, itọ́ tó ń ta síni lára àti ohun tí ọwọ́ bá kàn ni gbogbo wa ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń nu tábìlì, tí a ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n láti oṣù keje ọdún tó kọjá ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì 239 ti jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan pé ó ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ilé tí wọ́n ti ń dín ẹja láìṣí fèrèsé. Ẹni tó wà ní pálọ̀ ò sún mọ́ iná, kò fọwọ́ kan ẹja, síbẹ̀ òórùn ẹja wà lára aṣọ rẹ̀. Bí èémí ẹni tó ní àrùn ṣe ń kún yàrá nìyẹn. Kò dìgbà tó bá wúkọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ, orin tó ń kọ, ìwé tó ń kà sókè, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé e jáde. Ìbòmú ń dín ohun tó ń jáde kù, ó sì ń dín ohun tó ń wọlé kù bó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ìyókù ń kó jọ sínú yàrá. Bí wíńdò bá ṣí, á bá atẹ́gùn lọ. Bí kò bá ṣí, ṣe ló ń pọ̀ sí i láti aago mẹ́jọ títí ẹ ó fi jáde.

Ní ti éèsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ìyá tó ni ilé-ìwé pé irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri kì í fa afẹ́fẹ́ láti ìta. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń gbà, òun ló ń mú tutù, òun ló sì ń dá padà fún yín. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ògiri, ooru nìkan ló ń dà nù. Èémí yín ṣì wà nínú ilé.

Mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 11 níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí á tó gbọ́ Kòrónà rárá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa níbẹ̀ ni pé kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó ń wúkọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí nọ́ọ̀sì sì wà lápá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ó dùn mí pé a gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yẹ ká rántí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti sọ ọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá pé kí wọ́n má fi dandan lé ìbòmú fún ọmọ ọdún márùn-ún wá sílẹ̀. Láti 6 dé 11, kí á wo bí àrùn ṣe pọ̀ tó ládùúgbò, bóyá ọmọ náà mọ̀ ọ́n lò, bóyá àgbà wà nítòsí tó máa ràn án lọ́wọ́. Láti 12 lọ sókè, bíi ti àgbà. Àárín ni àwọn tiyín wà, nítorí náà ẹ má pa ìbòmú tì, ṣùgbọ́n kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méjì, kó lè pààrọ̀ èyí tó bá ti tutù.

Bó bá wá jẹ́ nǹkan kan ni wọ́n máa gbà fún yín, ẹ mú oúnjẹ jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìṣẹ́jú 40 yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kí wọ́n jẹun lábẹ́ igi, kíláàsì kan lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan nínú ilé, ẹ ṣí wíńdò àti ilẹ̀kùn gbayawu. Eruku tó bá wọlé, àkísà tútù á nù ún.

Bàbá Fèyí, ọmọ tó ní ikọ́ fée gan-an ni n kò fẹ́ kí àrùn èémí mìíràn bá. Kó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó jìnnà sí wíńdò. Kí oògùn tó ń fà símú wà lórí tábìlì tíṣà, kó má ṣe wà nínú báàgì lẹ́yìn kíláàsì. Ọyẹ́ kì í fẹ́ bákan náà láti àárọ̀ dalẹ́, tíṣà tó bá ń wojú ọjọ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó ti wíńdò díẹ̀.


Wàsíù Alumíníọ̀mù
10 oṣù kejì, 2021

Irú wíńdò yẹn ni mò ń fi sílé fún àwọn èèyàn láti ọdún 2009. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò lè ṣí ju ìdajì lọ, gíláàsì kan á máa bo ìkejì ni. Bí bọ́gílárì bá wà níta, ẹ lè yọ gíláàsì méjèèjì kúrò ní wíńdò kan títí ìgbà tí nǹkan á fi rọlẹ̀. Ẹ gbé e sókè nínú ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, á bọ́. Kí àgbà méjì ṣe é, ó wúwo. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fọ̀ fún ọdún méjì, ògiri ni.


Bàbá Tíṣà (ẹni tó ti fẹ̀yìntì)
12 oṣù kejì, 2021

Ọmọ mi, àná ni Alhaji Lateef Jakande jáde láyé, ẹni ọdún 91. Ọkàn mi ò tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn láti àná. Mo wá rí ọ̀rọ̀ yín lónìí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn náà ni.

Kí wọ́n tó di gómìnà Èkó ní 1979, àwọn ọmọ kan ń lọ ilé-ìwé láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, torí pé yàrá ò tó. Jakande ló fòpin sí i. Wọ́n sáré kọ́ àwọn yàrá tuntun, mo sì kọ́ ọmọ nínú ọ̀kan ní 1982. Ògiri rẹ̀ ò ga ju àyà mi lọ, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ títí kan páànù. Àwọn tó fẹ́ tàbùkù wọn ń pè é ní ilé adìyẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá nígbà náà. Òjò ń ta sí wa lára lóòótọ́, a ó kó àwọn ọmọ jọ sáàárín kí ìwé wọn má baà tutù. Ariwo òjò lórí páànù á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, màá dúró títí á fi dá. Ṣùgbọ́n ọmọ 50 wà níwájú mi, n ò sì rántí ọjọ́ kan tí òórùn èèyàn kún ibẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ tó bá tètè dé ló máa ń bu omi wọ́n ilẹ̀ iwájú kíláàsì kí n tó pe orúkọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́: àárọ̀, àti nígbà tí wọ́n bá ń wọlé láti ibi eré. Eruku ìtòsí lèyí tó ń yọ yín lẹ́nu jù, èyí tí ẹsẹ̀ ọmọ àti táyà ọkọ̀ ń tú sókè. Ẹ wọ́n omi sí i.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ má tún lọ rojọ́ níwájú wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kí àwọn ọmọ ní kíláàsì yín ní aago méjìlá ọ̀sán. Kí wọ́n ti ìta wọlé. Kò sí ohun tí ẹ tún máa sọ.


Ìyá Ìbejì Agége
26 oṣù kejì, 2021

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù kí n tó jábọ̀ fún yín.

Nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ yọ. Ọjọ́ Sátidé, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń ṣọ́nà. Mo fi ìka kàn án, ó ti le gbagidi, eruku àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ti dì mọ́ ọn lára bí epo tó sun mọ́ ìdí ìkòkò. Mo rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n omi ọṣẹ, omi náà dúdú bí omi aró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ omi. Nígbà tí mo dá a padà sójú wíńdò tí mo ṣí i, igi fúrúùtù kan fara hàn lẹ́yìn ògiri. Ọdún kẹta mi nínú yàrá yẹn rèé, mi ò mọ̀ pé ó ṣeé rí láti ibi tábìlì mi.

Mo ṣe bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo bẹ ìyá tó ni ilé-ìwé kí wọ́n wá gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ka ìlọ́po mẹ́sàn-án. Wọ́n ti oòrùn wọlé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn lọ sí imú lórí ìbòmú. Àwọn ọmọ dìde kí wọn. Wọn ò dáhùn kíákíá. Wọ́n pè mí síta, wọ́n ní, "Tíṣà, òórùn kí nìyẹn?" Mo ní, "Àwa náà ni, ma. Èémí wa ni."

Láti ọjọ́ Wẹ́sídeè, abẹ́ igi fúrúùtù yẹn ni a ti ń jẹun, Púráímárì Kẹta sì ń jẹ tiwọn lápá ibi tí ọkọ̀ ilé-ìwé ń dúró sí. Wọ́n gbà kí jẹnẹrétọ̀ má ṣiṣẹ́ títí di aago kan, wọ́n sì ní àwọn á gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà bí àwọn bá rówó wáyà tó gùn. Wọn ò tíì rí i. Éèsì nìkan ni a ò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ìyá ọmọ kan wá láti sọ pé éèsì lòun sanwó fún, kì í ṣe ooru. Wọ́n wá ní kí n máa tan éèsì láti aago kan, kí n ṣí ilẹ̀kùn. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í ti wíńdò tán, mo máa ń fi àlàfo ọwọ́ mẹ́rin sílẹ̀.

Ọmọ méjì tó ní ikọ́ fée ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, oògùn wọn sì wà nínú dúrọ́à mi. Bàbá Fèyí, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n béèrè. Mi ò mọ̀ pé ìkejì ní i, kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní ti ₦200 yẹn, ó ń dùn mí jọjọ. Mo kó èérún ańkárá aṣọ ẹbí tó kù nílé, mo rán ìbòmú 40, onílọ̀ọ́po méjì, mo fi sínú ọ̀rá lọ́dọ̀ bàbá tó ń ṣọ́nà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọmọ tí kò bá ní, kí wọ́n má béèrè kọ́bọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ láàárọ̀ yìí jẹ́ 11, mo tún fẹ́ rán sí i.


Ìyá Kọ́láde, Woolwich
15 oṣù kọkànlá, 2021

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí ni, ẹ má bínú pé ó ti pẹ́. Mò ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní London níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, wọn ò ní kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lo ìbòmú rárá. Àwọn ti sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n gbà nímọ̀ràn kí wọ́n lò ó nínú kíláàsì, láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún yìí. Wíńdò ni tiwa. Nígbà òtútù tó kọjá, kóòtù àti fìlà onírun ni àwọn ọmọ fi ń kàwé, ìka wọn á gan débi pé wọn ò lè di pẹ́ńsù mú. Mo sunkún nítorí wọn lọ́jọ́ kan.

Ní oṣù kẹjọ, ìjọba ní àwọn máa kó ẹ̀rọ kékeré bíi 300,000 fún àwọn ilé-ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílíọ̀nù 25 pọ́ùn ni owó rẹ̀. Kì í fọ afẹ́fẹ́ o. Ó kàn ń ka carbon dioxide ni, ohun tí àwa èèyàn ń mí síta, kí á lè mọ bí èémí wa ṣe kó jọ tó. Níta gbangba, ó máa ń wà ní 400 àti díẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Bí kò bá tó 800 nínú kíláàsì, ó dára. Bó bá ń kọjá 1,500 ṣáá, ẹ wá nǹkan ṣe.

Tiwa ti dé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, a ti gbogbo wíńdò, ọmọ 29 ń ṣe ìṣirò. Kí iṣẹ́ náà tó parí, ó ti di 1,940. Kò sí òórùn kankan tí mo gbọ́, torí mo ti wà nínú rẹ̀. Mo ṣí wíńdò méjì tó wà lókè, nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi máa pé, ó ti já wálẹ̀ sí 900. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kan ló ń ṣọ́ nọ́ńbà náà fún wa, òun ló ń sọ fún tíṣà pé ó ti tó kí wọ́n ṣí i.


Ìyá Ìbejì Agége
16 oṣù kọkànlá, 2021

Ẹ ṣeun gan-an, ma. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó já sí 900 yẹn, ṣé wíńdò nìkan ló ṣí, àbí ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí? Ọyẹ́ tún ti ń bọ̀. Wọ́n ti gbé mi lọ sí Púráímárì Karùn-ún láti oṣù kẹsàn-án, wíńdò ẹyọ kan ṣoṣo ni yàrá ibẹ̀ ní.


Ìyá Kọ́láde, Woolwich
16 oṣù kọkànlá, 2021

Ilẹ̀kùn náà ṣí, ma. Lọ́jọ́ kejì mo dán wíńdò nìkan wò, ó dúró sí 1,300, kò wálẹ̀ mọ́, àfìgbà tí mo lọ ṣí ilẹ̀kùn. Fún yàrá oníwíńdò kan, ẹ gbé fáànù sẹ́nu wíńdò náà kó kọjú síta, kó máa tú èémí yín dànù, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ tuntun lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ bá mi kí màmá.